Iyanrìn Lójú Bàbá Mi

Nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, kò sí ẹni tó ń gbé òkè sínú ìwé bí èmi ní gbogbo Kumasi. Kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lọ béèrè ní Dichemso, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, tàbí ní Asawase, níbi tí wọ́n bí mi sí. Mi ò jókòó pẹ́ nílé ìwé, ìwé náà ò sì jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, kò sí igi tó mọ bí yóò ṣe sá fún mi. Àwọn ayafọ́tò yòókù ń ya ìyàwó, wọ́n ń ya ọmọ ìkókó, wọ́n ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rédíò. Èmi náà ń yà wọ́n, torí pé ẹnu ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n òkè, odò, igi àràbà nínú ọyẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń wọ inú igbó lọ, ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ ọ̀gá. Mi ò fọ́nnu, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Bàbá mi ló tì mí sídìí òkè yíyà. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú àgbàlá ilé wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wọlé, wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ka sí wàláà nà sí mi láyà.

"Kí lo gbé kọ́rùn yẹn?"

"Kámẹ́rà ni, Bàbá. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ kí o máa ya ohun tó ní ẹ̀mí? Lọ́jọ́ ìdájọ́, wọ́n á ní kí o mí ẹ̀mí sí gbogbo wọn nínú o. Ṣé èémí rẹ á tó?"

Mo rò ó wò. Mo ní, "Igi ńkọ́, Bàbá?"

"Igi ò burú."

"Òkè ńkọ́?"

"Ta ló ń mí ẹ̀mí sí òkè nínú? Máa ya òkè lọ títí ayé."

Ìyá mi pariwo láti ibi tí wọ́n ti ń gún ata. "Àfáà, ẹ ti fún un ní gbogbo òkè Ghana lẹ́ẹ̀kan náà! Òkè wo ló fẹ́ wá ṣe oníbàárà rẹ̀?"

Bí òfin ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Ohun tó bá wù mí ni kí n máa yà ní Dichemso, ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá ní ẹ̀mí nínú kò gbọdọ̀ wọ ilé wa ní Asawase. Mo wá ń kó fọ́tò òkè àti fọ́tò odò wá fún wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọn á gbé e sí oòrùn, wọn á máa fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká bí ọlọ́pàá ẹnubodè tó ń tú ẹrù.

"Kí nìyí?"

"Kùkùté ni, Bàbá."

"Kùkùté tó ní etí?"

"Ó jọ pé ewúrẹ́ ni."

"Gbé e jáde."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe ń to fọ́tò, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Tí mo bá gbé kámẹ́rà dúró tí ẹnì kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi kọjá. Tí ó bá lọ tán, ajá rẹ̀ á tún yọ. Ẹni tó bá sì ń dúró, ojú rẹ̀ kì í sinmi. Màá rí i pé sánmọ̀ ti pọ̀ jù, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Màá rí i pé igi tó bá dúró sáàárín gbùngbùn máa ń dà bí ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́, kò ní lè sọ nǹkan gidi. Màá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè ráyè rìn. Màá wá ilẹ̀ dúdú díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí fọ́tò náà má baà léfòó. Nígbà tí ajá bá fi máa lọ, fọ́tò mi á ti tò, kí n tẹ kámẹ́rà ló kù.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, torí pé òun ló kó mi sí wàhálà. Tí èèyàn bá mú ojú sún mọ́ fọ́tò dúdú àti funfun dáadáa, á rí i pé hóró wínníwínní ló kóra jọ tó di òkè, tó di ewé, bí ẹni pé wọ́n gbọn nǹkan sórí ìwé. Ọ̀gá mi, tó jẹ́ ọmọ Ashanti, ń pè é ní anhwea, ìyẹn iyanrìn ní Twi. Èmi náà ń pè é ní iyanrìn. Fíìmù tó bá lè ríran nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré, iyanrìn rẹ̀ máa ń pọ̀. Bí oògùn tí a fi ń fọ fíìmù bá sì gbóná, iyanrìn á tún ki sí i. Àwọn oníbàárà kórìíra rẹ̀ lójú ara wọn, wọ́n á ní mo ti sọ àwọn di alárùn awọ. Ṣùgbọ́n lára òkè, ó máa ń dùn wò. Ó ń jẹ́ kí kùrukùru ki, ó ń jẹ́ kí àpáta ní awọ tí ọwọ́ lè fẹ́ kàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá fún un, èmi ń wá a kiri.

Ní ọdún tí ebi mú gbogbo Ghana, tí iná igbó ń jó oko káàkiri, fíìmù wọ́n bí ojú. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni mo rí rà lọ́wọ́ ọkùnrin Hausa kan ní Sawaba. Láàárín ìgbà náà ni àwọn kan láti abúlé kan lẹ́bàá adágún Bosomtwe wá pe bàbá mi kí wọ́n wá sọmọ lórúkọ, mo sì bá wọn lọ. Láàárọ̀, mo dúró lórí òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Kùrukùru ti jókòó sórí omi, òkè tó yí adágún ká ń yọ orí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé kámẹ́rà sójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn mi."

"Mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá ni tèmi," ni wọ́n wí.

Mo rò pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n gbà lọ. Mo dúró de àwọn apẹja tó ń fi ọwọ́ wa pákó tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ lórí omi, títí kùrukùru fi gbé wọn mì. Nígbà tí mo rí i pé ohun ẹlẹ́mìí ti tán níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Kò síná ní Kumasi nígbà tí mo dé, kò sì sí yìnyín tí mo lè fi mú oògùn tutù. Mo fọ fíìmù náà bẹ́ẹ̀ nínú oògùn tó gbóná bí omi ìwẹ̀. Iyanrìn rẹ̀ ki bí ọkà bàbà. Síbẹ̀ fọ́tò yẹn lẹ́wà dé ibi pé ọ̀gá mi bọ́ fìlà fún un. Mo gbé e lọ bá bàbá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìka wọn tọ etí rẹ̀ yíká, ó dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó dúró. Lójú ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Kí nìyí?"

Mo wò ó. Bàbá mi gan-an ni. Bútà àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn.

"Kùkùté ni, Bàbá."

Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wò mí. "Kùkùté yìí mọ jàlámíà wọ̀ o. Gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Ẹ̀rín ni mo fi dé Dichemso lọ́jọ́ náà. Mo gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń fọ fọ́tò. Ìyá mi kò rí i rí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibà kan gbé bàbá mi dálẹ̀, kò sì gbé wọn dìde mọ́. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, bí a ṣe ń ṣe é. Ìyá mi jókòó ṣe opó wọn, wọ́n jáde opó, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹyin ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní ọjọ́ kan wọ́n pè mí sínú yàrá, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú Àfáà ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Báwo, Ìyá?"

"Tí mo bá pa ojú dé, irùngbọ̀n rẹ̀ á wá, fìlà rẹ̀ á wá, ojú rẹ̀ kì í wá. Ojú tèmi gan-an sì ń kú lọ. Ṣé èmi ò ní rí ojú ọkọ mi mọ́ kí tèmi tó pa dé?"

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó síwájú ìyá rẹ̀ kó sọ pé òun ò lè ṣe nǹkan. Mo fi ọwọ́ lu àyà. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ọmọ yín ni. N óò gbé ojú wọn wá bá yín nínú yàrá yìí, Ìnṣá Àlláà." Mi ò sọ ibi tí mo ti fẹ́ rí i fún wọn. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n á kàn ṣí ojú, wọ́n á sì rí i.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo fi nẹ́gẹ́tíìfù adágún sínú ẹ̀rọ tí a fi ń sọ fọ́tò di ńlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí ẹ̀rọ sókè. Nígbà tí wọ́n tó èékánná àtàǹpàkò, bàbá mi ni. Èjìká wọn tó máa ń wọ́ sí apá kan nìyẹn, bútà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tó páálí ìṣáná, mo rí irùngbọ̀n. Inú mi dùn, mo tún gbé e sókè. Irùngbọ̀n àti kùrukùru dà pọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, mo yí orí rẹ̀ síta kí iná rẹ̀ lè já sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tẹ́ ìwé sílẹ̀. Nígbà tí ojú wọn fi máa tó àtẹ́lẹwọ́, kò sí ojú mọ́. Iyanrìn dúdú, iyanrìn funfun. Hóró kan wà níbi tó yẹ kí ẹyin ojú wà. Ó lè jẹ́ ojú. Ó lè jẹ́ òkúta ọ̀nà.

Mo fi gbogbo ọgbọ́n tí mo mọ̀ bá a jà. Mo na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin sábẹ́ lẹ́ǹsì kí ó lè rọ iyanrìn náà. Ó rọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó wá di ẹ̀kọ. Mo pààrọ̀ ìwé, mo pààrọ̀ oògùn, mo bú oògùn. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi. Ọ̀gá wo ìwé tí mo tẹ́ sílẹ̀ títí.

"Me ba," ni wọ́n wí, torí ọmọ ni wọ́n máa ń pè mí, "anhwea nkoaa. Iyanrìn nìkan ni."

"Ọ̀gá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mú pẹ́ńsù, kí o ya ojú sí i. Àfáà wo ni kò jọ àfáà?"

Ní ti pẹ́ńsù, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bí èmi. Mo ti la ojú fún ẹni tó ṣẹ́jú, mo ti to eyín sẹ́nu ìyàwó. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù náà títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́. Mo gbé e dé orí ìwé. Mo gbé e kúrò. Ọ̀gá mi gbé fìlà wọn, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Asawase. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n ń fi ọwọ́ wá òkúta nínú ìrẹsì. Ìtìjú mú mi, mo kàn fẹ́ sọ ọ́ kíá kó tán.

"Ìyá, mo rí wọn lánàá."

Ọwọ́ wọn dúró. "Ta ni?"

"Bàbá. Ṣùgbọ́n iyanrìn ló bo gbogbo ojú wọn. Mo ṣe é títí, mi ò lè kó o kúrò."

Atẹ ìrẹsì dojú dé. "Yéè! Pákó ti fọ́! Pákó ti fọ́ lórí ọkọ mi!"

Ariwo yẹn kó gbogbo àgbàlá jọ. Ìgbà tí mo rí àwọn obìnrin tó ń sáré bọ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun rí bàbá òun tó ti kú lánàá, ojú àlá ló ti rí i. Tí a bá sì sin òkú, pákó la máa ń tò sókè rẹ̀ kí erùpẹ̀ má baà kàn án. Òkú tó bá wá fi iyanrìn ojú han ọmọ rẹ̀, ẹjọ́ ló wá rò.

"Ìyá, kì í ṣe àlá. Fọ́tò ni."

"Fọ́tò wo? Àfáà tó fi apá jàlámíà bojú níbi ìgbéyàwó tìrẹ gan-an? Tí wọ́n ní kó ya fọ́tò ìwé ìrìnnà kó lè lọ Mẹ́kà, tó ní tó bá jẹ́ fọ́tò ló máa gbé òun dé ọ̀hún, òun á jókòó ti Ọlọ́run ní Asawase? Má tàn mí o!"

"Wọn ò mọ̀ pé mo yà wọ́n ni. Èmi gan-an ò mọ̀."

"Ìwọ náà ò mọ̀! Ẹ gbọ́ ọ!"

Obìnrin kan nínú ilé wa, tí wọ́n bí sí Kumasi bíi tèmi, di ìyá mi mú léjìká. "Due, Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká pe àfáà kó wá gbọ́ ọ."

Àfáà tó ṣáájú ìrun sí bàbá mi lára ni wọ́n pè, ọ̀rẹ́ wọn ni. Ó jókòó, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rọ̀ mọ́ ọwọ́, ó kọjú sí mi.

"Ṣé o rí i, àbí o ò rí i?"

"Mo rí wọn, Àfáà, ṣùgbọ́n lórí ìwé ni."

"Ṣé iyanrìn wà lójú rẹ̀?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n iyanrìn fọ́tò ni. Oògùn ló gbóná."

"Oògùn?" Ó wo àwọn obìnrin náà, ó wò mí. "Ó tó. Dìde ká lọ."

Èmi tí mo lè fi ọ̀rọ̀ mú ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà mo tún ṣàlàyé hóró, mo ṣàlàyé yìnyín, ó ń sọ pé hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n. A dé itẹ́ òkú. Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, sàréè bàbá mi sì ti rì níbi orí. Kò pọ̀. Gbogbo sàréè tó wà nítòsí ló rì bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wò wọ́n. Èmi ló ń wò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wòlíì. A wa erùpẹ̀ kún un, ó ṣe àdúà, mo ní àmín.

Ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí a tó dé. "Ó rì, àbí kò rì?"

Àfáà kì í purọ́. "Ó rì díẹ̀, ìyá àwọn ọmọ. A ti tún un ṣe. Pákó ò fọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó fọ́."

"Mo sọ," ni ìyá mi wí.

Láti ọjọ́ yẹn wọn ò jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Nígbà tí mo tún lọ wò wọ́n, wọ́n ní, "Tẹ́lẹ̀, irùngbọ̀n ń wá, ojú ni kì í wá. Ní báyìí, iyanrìn ni mò ń rí. Tí mo bá ti pa ojú dé báyìí, iyanrìn ni." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà sí Dichemso, mo kó gbogbo rẹ̀. Mo kó fọ́tò adágún bó ṣe wà, mo kó àwọn tí mo ti sọ di ńlá, mo kó wọn wọ yàrá ìyá mi, mo ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Òfin ilé wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kó wọn wọlé, ṣùgbọ́n apá mi ò ká nǹkan kan mọ́. Mo gbé èyí tó tóbi jù lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n mú un sún mọ́ imú, wọ́n mú un jìnnà. "Èyí? Èyí lò ń pè ní ọkọ mi?"

"Ẹ ò rí i, Ìyá? Iyanrìn tí mò ń wí nìyí. Kì í ṣe ti sàréè."

"Mo rí iyanrìn. Ọkọ mi dà?"

Mo gbé fọ́tò adágún fún wọn, mo mú ìka wọn, mo gbé e lé igun ìsàlẹ̀. "Ibí yìí. Àwọn gan-an nìyí. Wọ́n ń lọ ṣe àlùwàlá."

Wọ́n wò ó títí omi fi jáde lójú wọn. "Funfun ni mò ń rí. Ṣé omi nìyẹn?"

Kùrukùru ni. Níbi tí bàbá mi ti jẹ́ bàbá mi, wọ́n kéré jù fún ojú ìyá mi. Níbi tí ojú ìyá mi ti lè mú nǹkan, bàbá mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mú èyí tó tó páálí ìṣáná, bóyá ó lè jẹ́ agbedeméjì.

"Mo rí nǹkan kan níbí," ni wọ́n wí. "Kí nìyí?"

"Irùngbọ̀n wọn ni, Ìyá."

"Irùngbọ̀n." Wọ́n gbé e sílẹ̀ sórí ẹní. "Mo ní irùngbọ̀n tẹ́lẹ̀."

Àwọn ọmọ kéwú ń ka tiwọn lágbàálá lọ́dọ̀ àfáà tuntun. Ìyá mi wá na ọwọ́, wọ́n wá orúnkún mi rí.

"Ìwọ ojú rẹ dára. Gbogbo Kumasi ló mọ̀. Sọ ọ́ fún mi. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ńkọ́, ṣé òun ló kéré sí ti òsì, àbí ti òsì ló kéré?"

Mo lè ka òkè tó yí adágún Bosomtwe ká fún yín láìwo fọ́tò, èyí tó ga, èyí tó pá lórí, èyí tí igi mẹ́ta dúró lé. Mo wá ojú bàbá mi nínú orí mi. Mo rí ìka tó ń tọ etí fọ́tò. Mo rí fìlà. Mo gbọ́ ohùn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Rò ó, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mi ò lọ síbì kan."

Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí ẹní láàárín àwọn fọ́tò náà, wọ́n kọjú funfun yẹn sí mi, wọ́n ń retí.